Àpótí Àlejò Mẹ́tàlélógún

"Bàbá, ẹsẹ̀ àpótí keje nìyẹn."

Ọláníhún kò gbójú sókè. Ó tẹ ìfági mọ́ igi tó dè mọ́ orí tábìlì, ó tì í síwájú, igi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sì ká jọ bí èèpo ọsàn, ó bọ́ sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ẹsẹ̀ àpótí wo?"

"Àpótí keje. Ọjọ́ kejìlélógún Ìsémọ́ lẹ kàn án. Kókó kan wà lára igi yẹn tó dà bí ojú ẹja. Lánàá, abẹ́ àpótí keje ni kókó ojú ẹja náà wà. Lónìí, ọwọ́ yín ló wà."

"Igi tó ní kókó pọ̀ láyé."

"Ó pọ̀ láyé, Bàbá. Kò pọ̀ nínú ilé yìí."

Nígbà náà ni àgbà ọkùnrin náà dúró. Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ náà dùn ún tó bẹ́ẹ̀; ó yà á lẹ́nu ni. Ohun tí kò ní baba, tí kò ní ìyá, tí ẹnikẹ́ni kò fi oyin tọ́ lẹ́nu wò lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, ló wá mọ ọ̀rọ̀ í dá padà fún àgbà báyìí. "Olùtọ́jú Ilé" ni orúkọ tí ìgbìmọ̀ kọ sára ẹ̀rọ náà, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń pè é bẹ́ẹ̀ ní Òkè-Ẹfun. Aláròyé ni gbogbo ìlú ń pè é. Inú ògiri ló ń gbé. Ó ní ojú kékeré kan lókè àtùpà, ó sì ní ohùn obìnrin tó jẹun yó, tó sùn dáadáa, tí kò sí ohun tó ń jẹ ẹ́ níyà láyé.

"Ó dáa," ni Ọláníhún wí. "Àpótí keje ni. Mo tú u, mo fẹ́ tún un kàn. Ṣé ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ ni?"

"Àtúnkàn ohun tí kò bàjẹ́ kì í ṣe iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ lòfin wí. Ẹ tú àpótí kìn-ín-ní níjẹta, ẹ tú ìkẹta lánàá, mo sì ti kọ òfo méjì síwájú orúkọ yín. Bí àtùpà bá pọ́n lónìí tí n kò rí iṣẹ́ tuntun, ó di òfo mẹ́ta. Ẹ mọ ohun tí òfo mẹ́ta jẹ́, Bàbá."

"Mo mọ̀ ọ́n. Dákẹ́ ná."

Ó mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Ó wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣe òfin náà. Ọdún kejì tí wọ́n dé ilẹ̀ òtútù yìí ni, nígbà tí yìnyín kọ́kọ́ bo ilé mọ́ wọn lórí fún àádọ́rùn-ún ọjọ́. Nígbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn, èèyàn mọ́kànlá tó ń dá gbé ni kò jáde. Oúnjẹ wà nínú àká wọn. Ooru wà nínú ògiri wọn. Wọ́n kàn dùbúlẹ̀, wọ́n fa aṣọ borí, wọn ò sì dìde mọ́. Dókítà yẹ ara wọn wò títí, kò rí àrùn kankan. Láti ìgbà náà ni ìgbìmọ̀ ti ní kí ẹnikẹ́ni tó bá ń dá gbé máa fi ohun kan tí ọwọ́ rẹ̀ ṣe han Aláròyé lójoojúmọ́ tí Ìsémọ́ bá wà lóde. Ẹni tó bá ní òfo mẹ́ta, ọkàn rẹ̀ ti ń sùn nìyẹn. Bí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn, wọ́n á kó o lọ sí Ilé Àgbájọ, níbi tí ogójì arúgbó ti ń sùn nínú yàrá kan, wọ́n á sì fi ilé rẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Òfin tó dára ni. Ọláníhún fúnra rẹ̀ nawọ́ sókè fún un lọ́jọ́ yẹn. Àyọ̀ká aya rẹ̀ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó nawọ́ tirẹ̀ náà. Ta ló mọ̀ pé pàṣán tí a gé, a ti fi í pa mọ́ sórí àjà ara wa?

Òní ni ọjọ́ kọkànlélógójì. Yìnyín ti bo fèrèsé láti ọjọ́ kẹjọ; funfun rẹ̀ lẹ̀ mọ́ gíláàsì bí ẹni fi ẹfun rẹ́ ojú ilé. Oòrùn kì í sì í là nígbà báyìí, kódà ká ní fèrèsé mọ́. Ara àtùpà lèèyàn ti ń mọ àkókò: tó bá di àwọ̀ ewé, ilẹ̀ mọ́, tó bá di àwọ̀ ìyeyè, ọ̀sán ti rọ̀, tó bá pọ́n, ọjọ́ ti parí, Aláròyé á sì ṣírò. Èdìdì wà lára ilẹ̀kùn. Bí èèyàn bá já a, agogo á dún káàkiri ìlú, wọ́n á sì gé ooru onítọ̀hún sí ìlàjì, nítorí pé ooru tó bá jáde, ti gbogbo ènìyàn ló jáde.

Àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́ kò le. Ilé kì í ṣaláìní ohun tó ń yọ. Ó kan ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù tó ti wọ́. Ó gbẹ́ orógùn tuntun. Ó kan ìkọ́ fìlà mẹ́rin sára ògiri, bẹ́ẹ̀ ojú ọ̀nà wo ni fìlà fẹ́ gbà jáde? Ó kan pẹpẹ, nígbà tó sì wo pẹpẹ náà tí kò rí ohun tí yóò gbé lé e, ó kan àpótí ìjókòó kékeré kan. Ó wò ó, ó rí i pé ó dára. Ó kan òmíràn. Ṣé ilé tí kò ní ìjókòó, ó ti lé àlejò kí àlejò tó dé. Báyìí ló ṣe ń kàn án títí igi tí ìgbìmọ̀ pín fún un fi tán pátápátá. Àpótí mẹ́tàlélógún tò yí yàrá ká, gbogbo wọn kọjú sí àga rẹ̀ bí ìgbà tí mọ̀lẹ́bí bá pé jọ láti yanjú ọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tó tíì fìdí kàn wọ́n.

Ó dìde, ó rìn dé yàrá ẹ̀yìn. Ilẹ̀ pákó ni yàrá náà, ṣùgbọ́n láàárín rẹ̀, àwọ̀ pákó yàtọ̀ níbi tó gùn tó ìwọ̀n èèyàn tó dùbúlẹ̀. Ibẹ̀ ni Àyọ̀ká wà. Lóde, ilẹ̀ le ju irin lọ. Ọkọ́ kò lè wọ̀ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin rẹ̀. Abẹ́ ilé nìkan, níbi tí ooru ti ń sọ̀ kalẹ̀, lèèyàn ti lè gbẹ́ ilẹ̀ ní Òkè-Ẹfun. Bẹ́ẹ̀ ni àṣà àwọn baba ńlá wọn, pé kí wọ́n sin àgbà sínú ilé ara rẹ̀, èyí tí òfin ti pa rẹ́ nílé tipẹ́tipẹ́, ṣe padà wá bá wọn níbí, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ránṣẹ́ pè é.

"Wọ́n fẹ́ fi ẹlòmíràn sórí rẹ," ni ó sọ fún ilẹ̀. "Bóyá ọmọ kékeré tí yóò máa fo sókè fo sódò níbí."

Àyọ̀ká kì í pẹ́ fèsì tẹ́lẹ̀.

*

Ní ọ̀sán, àtùpà ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mẹta. Ìpè ọjọ́ kẹwàá-kẹwàá nìyẹn, ohùn ọmọ rẹ̀ Ìbídàpọ̀ sì jáde láti inú ògiri. Àdúgbò Ìléru ló ń gbé, níbi tí wọ́n ti ń dáná ooru fún gbogbo ìlú.

"Bàbá mi, ẹ kú òtútù o."

"Òtútù wo? Èmi àti òtútù ti mọra. Ọkọ rẹ ńkọ́?"

"Ó wà, ó ń sùn. Kí lẹ jẹ?"

"Ẹ̀bà."

"Ẹ̀bà òní àbí tàná?"

"Ẹ̀bà ò mọ ọjọ́, ìwọ ọmọ yìí. Ẹni tó ń jẹ ẹ́ ló ń ka ọjọ́."

Ìbídàpọ̀ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà kúrú. "Bàbá, wọ́n ti sọ fún mi. Òfo méjì. Orúkọ yín wà lára pátákó ní Ìléru."

"Aláròyé! Òfófó náà wà nínú iṣẹ́ rẹ?"

"Òfin ni, Bàbá," ni Aláròyé wí.

"Bàbá, ẹ gbọ́ mi," ni Ìbídàpọ̀ wí. "Ṣé Ilé Àgbájọ burú ni? Wọ́n ń ta ayò níbẹ̀. Wọ́n ń bára wọn jiyàn láti àárọ̀ dalẹ́."

"Ta ni yóò máa bá ìyá rẹ jiyàn?"

Ọmọbìnrin náà rẹ ohùn sílẹ̀. "Tí ẹ ò bá fẹ́ lọ, ẹ bẹ Wúràọlá. Ògiri kan ló wà láàárín yín. Àáró wà nínú òfin: iṣẹ́ tí ilé méjì bá jọ ṣe, ilé méjèèjì ni wọ́n ń kọ ọ́ fún. Ẹ bi í bóyá ohun kan bàjẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀."

"Wúràọlá wo? Èyí tó bá mi lẹ́nu iṣẹ́, tó kọjá bí ẹni kọjá lára òkúta?"

"Bàbá! Nítorí ẹ kú iṣẹ́?"

"Nítorí ẹ kú iṣẹ́ kẹ̀! Kí ló kù lára wa tá a fi ń pe ara wa lómọ èèyàn níbi tí a sá dé yìí? A fi ilé sílẹ̀, a fi oko sílẹ̀, oòrùn gan-an, a fi í sílẹ̀. Bí ènìyàn bá rí ènìyàn lẹ́nu iṣẹ́, kò tún lè kí i? Tí mo wà ní gbangba, tí mo ń làágùn, lọ́jọ́ tí ojú ń pọ́n mi jù láyé? Láti ọjọ́ tí mo ti ń kan igi, ẹni tó níṣẹ́ ló ń wá mi wá. N kò kanlẹ̀kùn ẹnikẹ́ni rí kí n ní kó fún mi níṣẹ́. N kò ní í bẹ̀rẹ̀ lórí ẹni tó—"

"Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí—"

Ohùn gé. Àtùpà ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, ó padà sí àwọ̀ ewé rẹ̀. Títí di ọjọ́ kọkànléláàádọ́ta nìyẹn.

"Àkókò ti pé," ni Aláròyé wí. "Ọmọ yín kí yín."

"Ṣé ìwọ lo máa sọ fún mi pé ọmọ mi kí mi?"

*

Ìgbà tí àtùpà bẹ̀rẹ̀ sí í di àwọ̀ ìyeyè ló lọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá, ó sì fa pákó kan jáde nínú pákó ìrókò mẹ́rin tó fara ti ògiri.

Mẹ́jọ ni wọ́n, nígbà tó gbé wọn láti ilé. Nígbà tí gbogbo èèyàn ń di aṣọ àti ìkòkò sínú ọkọ̀, Ọláníhún kó pákó. Àwọn èèyàn fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé káfíńtà yìí rò pé kò sígi lókè òkun. Àyọ̀ká nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó mọ̀ pé tirẹ̀ ni mẹ́rin, ti ọkọ rẹ̀ ni mẹ́rin. Ní Òkè-Ẹfun, ìgbìmọ̀ kì í fún òkú ní igi. Ẹni tó bá ní pákó tirẹ̀, wọ́n á sin ín. Ẹni tí kò bá ní, ìléru ló ń gbà á, a sì di ooru nínú ògiri àwọn tó kù. Kì í ṣe ohun ìtìjú. Ọ̀pọ̀ èèyàn rere ló wà nínú ògiri. Ṣùgbọ́n Ọláníhún àti aya rẹ̀ ti jọ sùn fún ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta, kò sì fẹ́ yí ibùsùn padà.

Ó gbé pákó náà sórí tábìlì. Ó fi pẹ́ńsù fa ìlà. Ó mú ayùn.

"Kí lẹ fẹ́ kàn, Bàbá?"

"Àpótí."

"Àpótí kẹrìnlélógún. Ta ni yóò jókòó sí i?"

Ìbéèrè yìí kì í yẹ̀. Ó wà lára ohun tí Aláròyé gbọ́dọ̀ kọ sílẹ̀. Ọláníhún sì ní ìdáhùn tí kì í yẹ̀. "Àlejò."

"Mo ti kọ àlejò nígbà mẹ́tàlélógún," ni Aláròyé wí. Kò fi ṣẹ̀sín. Bí ẹni ń ka ohun tó wà níwájú rẹ̀ ni. "Àlejò kankan kò wọlé."

Ọláníhún gbé ayùn lé ìlà, ó fà á lẹ́ẹ̀kan. Eyín ayùn wọ igi, ìyẹ̀fun pupa sì tú sílẹ̀, òórùn ìrókò sì gba gbogbo yàrá: òórùn ìsọ̀ baba rẹ̀, ti ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá lórí rẹ̀, ti ẹ̀yìn ọrùn Àyọ̀ká ní ọjọ́ tí wọ́n gé igi náà lulẹ̀ tí ó wá gbé oúnjẹ fún wọn. Ó dúró. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò, ohun tó yẹ kó ti ṣe kó tó mú ayùn. Bí ó bá fi pákó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kan àpótí, yóò rí mẹ́wàá kàn. Ọjọ́ mẹ́wàá nìyẹn. Ọjọ́ mọ́kàndínláàádọ́ta ló kù kí wọ́n ṣílẹ̀kùn. Lẹ́yìn ọjọ́ kẹwàá, pákó á ti tán, òfo á tún bẹ̀rẹ̀, wọ́n á gba ilé, ìléru á sì gba òun. Á pàdánù ibùsùn, á tún pàdánù yàrá.

Ó gbé ayùn sílẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá," ni Aláròyé wí.

Ohùn kan náà ni. Bó ṣe sọ ọ́ lọ́jọ́ kìn-ín-ní ló ṣe sọ ọ́ lónìí, kò gbé e sókè, kò rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó ti ṣe díẹ̀ tí ọwọ́ àgbà ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ọláníhún wo ojú kékeré tó wà lókè àtùpà. Ọgọ́rin ọdún ó dín mẹ́ta, kó wá jẹ́ pé ògiri nìkan ló ń kí i.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹlẹ́sẹ̀ ẹ̀gún ní í ṣe lákáǹláká tọ alábẹ lọ. Wọn ò sọ pé kó dùn mọ́ ọn. Wọ́n kàn ní bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe é.

*

Lábẹ́ ògiri tó kọjú sí ilé Wúràọlá, ihò roboto kan wà tí kò fẹ̀ ju iṣu kan lọ. Ọ̀fun ni wọ́n ń pè é. Gbogbo ilé tó fara kanra ló ní in, nítorí ẹni tó bá nílò iyọ̀ tàbí oògùn nígbà Ìsémọ́. Wákàtí kan péré lòfin sì gbà kó ṣí lójúmọ́, kí ooru má baà sá. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni Ọláníhún ti ká fìlà àtijọ́ kan jọ, tó fi dí ọ̀fun náà pa.

Ó kúnlẹ̀. Orúnkún rẹ̀ méjèèjì dún. Ó fa fìlà náà, ó ti gan bí awọ. Ó tún fà á, ó jáde pẹ̀lú ìrì dídì, nǹkan kékeré kan sì yí tẹ̀ lé e, ó bọ́ sílẹ̀. Ìdì aṣọ ni, òwú pupa ni wọ́n fi so ó. Ó tú u. Ata gbígbẹ márùn-ún ló wà níbẹ̀.

Ó pẹ́ tó ń wo ata náà. Lẹ́yìn náà ló fi ẹnu sí ọ̀fun.

"Wúràọlá!"

Nǹkan ṣubú lápá kejì. Ẹsẹ̀ sáré wá.

"Bàbá? Bàbá, ṣé kò sí o? Mo wà lórí ìkúnlẹ̀, Bàbá. Ẹ káalẹ́."

Ahunṣọ ni Wúràọlá, obìnrin tó tó ẹni ogójì ọdún, tí òun náà ń dá gbé. Ọláníhún kò tíì gbọ́ ohùn rẹ̀ láti bí oṣù mẹ́jọ, ó sì jọ ọ́ lójú pé ohùn náà ti gbó.

"Ta ló fi ata síbí?"

"Èmi ni. Ọjọ́ tí wọ́n sé wa mọ́lé. Mo rò pé ẹ rí i, tí ẹ kàn kọ̀ ọ́."

"N kò rí i. Mo dí ọ̀fun pa."

"Mo mọ̀. Mo gbọ́ nígbà tí ẹ ń dí i."

Àgbà fọwọ́ nu imú. Ohun tó wá bèèrè kọ́ ló jáde lẹ́nu rẹ̀. Èyí tó ti ń rà nínú rẹ̀ láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló jáde.

"Wúrà, kí ni mo ṣe fún ọ? Lọ́jọ́ tí mo ń kan pósí ìyàwó mi níwájú ilé, gbogbo àdúgbò ló kí mi. Àwọn ọ̀tá mi kí mi. Ìwọ wo ojú mi, o pa ẹnu dé, o kọjá. Kí ni mo ṣe?"

Obìnrin náà sún mọ́ ọ̀fun sí i.

"Bàbá," ni Wúràọlá wí, "ṣé wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ tiyín ni? Ní ìlú ìyá mi, a kì í kí ẹni tó bá ń kan pósí. Bí a bá ní ẹ kú iṣẹ́, kí ni àdúrà tó wà nídìí rẹ̀? Pé kí iṣẹ́ bí irú ẹ̀ tún wá. Ta ni yóò tọrọ irú ẹ̀ fún yín? Ẹnu la fi ń bò. A ó fọwọ́ bo ẹnu, a ó wólẹ̀ díẹ̀, a ó kọjá. Èmi rò pé ẹ rí i pé mo wólẹ̀."

Ọláníhún fi orí ti ògiri.

Ó rí i báyìí. Ọjọ́ náà padà wá síwájú rẹ̀: ìyẹ̀fun ìrókò lápá rẹ̀, àwọn èèyàn tó ń kọjá. Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Ẹ kú iṣẹ́. Ó dáhùn gbogbo wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì bọ́ sí i nínú bí òkúta. Obìnrin kan ló fọwọ́ bo ẹnu, tí orúnkún rẹ̀ tẹ̀ títí etí ìró rẹ̀ fi kan ilẹ̀. Ẹnu tó dé ló rí. Kò wo orúnkún.

"Mi ò béèrè," ló wí.

"Èmi náà ò sọ, Bàbá. Ẹni bá dákẹ́, tara ẹ̀ a bá a dákẹ́."

Aláròyé dá sí i lẹ́yìn rẹ̀. "Bàbá, àtùpà ti di àwọ̀ ìyeyè tán. Ìdajì wákàtí ló kù kí ọ̀fun tó pa dé."

Ọláníhún tún orúnkún rẹ̀ tò sílẹ̀. "Wúrà, mo fẹ́ bẹ̀ ọ́ níṣẹ́."

"Ẹ fẹ́ bẹ èmi?"

"Má jẹ́ kí n tún un sọ. Ṣé ohun kan bàjẹ́ lọ́dọ̀ rẹ? Ohunkóhun tó jẹ mọ́ igi."

Ló bá bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà gba inú ọ̀fun jáde pẹ̀lú èémí gbígbóná, ó fẹ́ sí ojú àgbà náà. "Bàbá, kí ni kò bàjẹ́! Àga mi kan ṣoṣo fọ́ lọ́jọ́ kejì. Ilẹ̀ ni mo ń jókòó sí hunṣọ láti ọjọ́ náà. Tí mo bá fẹ́ dìde, àfi kí n kọ́kọ́ bẹ ẹ̀yìn mi, kí n tún bẹ ìdí mi, kí àwọn méjèèjì tó fìmọ̀ ṣọ̀kan. Ká ní mo rí àpótí kékeré kan péré!"

Ọláníhún yí ojú padà. Àpótí méjìlélógún ń wò ó, àti ìkeje tó ti tú sílẹ̀ lórí tábìlì.

"Àpótí," ló wí. "Dúró níbẹ̀. Má lọ síbì kan o."

Ó di ẹni tó ń yára. Kò sí ìṣó kan nínú iṣẹ́ rẹ̀. Orí igi ló ń wọ inú ihò igi. Ó gbá orí àpótí náà pẹ́pẹ́, ó tú sí pákó tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta. Ó kó gbogbo rẹ̀ wá sídìí ọ̀fun.

"Bàbá, àpótí keje náà ni," ni Aláròyé wí.

"Òun ni."

"Títú kì í ṣe iṣẹ́."

"Ó ń kúrò nílé ni. Ọ̀rọ̀ àáró ni. Lọ ka òfin rẹ dáadáa."

Ó ti ẹsẹ̀ kìn-ín-ní wọ inú ọ̀fun, ìkejì, ìkẹta. Ìkẹrin, èyí tó ní kókó ojú ẹja, há sí ibi tí ọ̀fun ti tẹ̀. Ó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kò kọjá.

"Ó há, Wúrà. Ọwọ́ mi ò wọ̀ ọ́."

"Ẹ fi í sílẹ̀. Ṣebí wọ́n ní tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè? Mo ti dì í mú."

Igi náà yọ́ lọ. Ó ti igi ìdábùú méjèèjì, ó ti pákó orí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

"Òòlù ńkọ́?"

"Èmi ahunṣọ? Níbo ni mo ti rí òòlù?"

"Ọmọ odó ńkọ́?"

"Ọmọ odó wà!"

"Ó dáa. Gbé ẹsẹ̀ tó ní ojú ẹja sí apá òsì rẹ. Wo ihò tó wà lórí rẹ̀. Ti orí igi kúkúrú bọ̀ ọ́. Rọra gbá a. Rọra, mo ní! Iyán kọ́ lò ń gún."

"Ó wọlé, Bàbá!"

"Kó dún ‘kọ́'. Bí kò bá dún ‘kọ́', kò tíì wọlé."

Ó gbọ́ ọ: kọ́. Ó di ojú rẹ̀. Kò rí ohunkóhun, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ ń rìn nínú afẹ́fẹ́ bí ẹni pé òun ló ń kàn án. Ẹsẹ̀ kejì, kọ́. Ìkẹta, ó bú obìnrin náà nítorí pé ó dojú igi rú, obìnrin náà sì ní kí wọ́n má bú òun, pé ìyá òun ò rán òun lọ kọ́ṣẹ́ káfíńtà. Ìkẹrin, kọ́. Àtùpà ti ń pọ́n létí. Pákó orí kìn-ín-ní wọlé, èkejì wọlé, ìkẹta kọ̀. "Fi itọ́ sí i," ni Ọláníhún kígbe, "igi ń gbẹ ni!" Ó gbọ́ tí Wúràọlá tutọ́, tó gbá a. Kọ́.

Lẹ́yìn náà, ohùn mìíràn, ohùn obìnrin tó jẹun yó, sọ̀rọ̀ lápá kejì: Aláròyé ilé Wúràọlá. "Àpótí kan. Tuntun nínú ilé yìí. Iṣẹ́ àáró, pẹ̀lú ilé ẹ̀gbẹ́."

Aláròyé ti Ọláníhún fèsì bí ẹni ń yẹ ìwé wò. "Bẹ́ẹ̀ ni," ló wí. "Àáró. Òfo kẹta kò sí. Bàbá, ta ni yóò jókòó sí i?"

"Wúràọlá," ni Ọláníhún wí. "Kọ ọ́ sílẹ̀. Wúràọlá ahunṣọ."

"Mo ti kọ ọ́."

Igi ké lápá kejì, ké-é, bí ìgbà tí ara tó ti rẹ̀ bá fìdí lélẹ̀. Wúràọlá mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà ló tẹ̀ síwájú sí ọ̀fun.

"Bàbá."

"Kí ló dé?"

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Iṣẹ́ á máa bí irú ẹ̀."

Ọláníhún fọwọ́ kan ẹnu ọ̀fun. "Àṣẹ," ló wí. "O ṣeun, ọmọ mi."

"Lọ́la, mo máa bá yín hun aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan ránṣẹ́, àáró kì í lọ kó má bọ̀. Ìyá Adéṣọ́pé tó wà lẹ́yìn ilé mi náà ò ní ìjókòó gidi. Ọ̀fun tèmi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Tí ẹ bá lè—"

"Mo ní méjìlélógún," ni Ọláníhún wí.

"Méjìlélógún kí ni?"

Àtùpà pọ́n. Irin kan yí dé ẹnu ọ̀fun, ó sì pa dé, bó ti ń ṣe lójoojúmọ́ lẹ́yìn fìlà tí kò jẹ́ kó rí i.

Ilé dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ àtẹ̀yìnwá náà ni, ó padà wá jókòó síbi tó máa ń jókòó sí. Ọláníhún dìde pẹ̀lú ìnira. Ó gbé pákó ìrókò padà sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó fi àtàǹpàkò kan ojú ibi tí ayùn ti bù ú jẹ. Ohun kékeré ni, Àyọ̀ká á bú u fún un, kò ní ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó padà wá sí àga rẹ̀. Láàárín àwọn àpótí tó yí yàrá ká, àyè kan ṣófo, bí eyín tó yọ. Ojú rẹ̀ kò kúrò níbẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá," ni Aláròyé wí.

"Má ṣèyọnu," ni àgbà náà dáhùn. "Wọ́n ti kí mi."

Ó di fìlà tó ti gan náà mú sórí itan, ó tẹ́tí. Láti inú ògiri, tìnrín tìnrín, ó gbọ́ tí igi tún ké: ké-é. Ẹni tó jókòó sí i yí ara padà. Ẹsẹ̀ kẹta ni, kò tíì wọlé dáadáa. Yóò sọ fún un lọ́la.